Ìgbà Ìwọ́wé Dé: Ẹ Kó Àwọn Ọmọ Jáde Lọ sí Ìdí Igi

Nígbà tí ètè bá ń là, tí ara ọmọ ń funfun, tí a sì ń fi òrí pa á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ni ó máa ń rò pé kò sí ohun tí ọyẹ́ mú wá ju eruku, ikọ́ àti ọ̀fìnkìn lọ. Wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a sì kó àwọn ọmọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ní ẹ̀bùn kan tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì ọdún ni àwọn igi kan ní ìlú wa máa ń pa àwọ̀ dà, tí ewé wọn ń pọ́n bí epo, tí wọ́n sì ń wọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí a ń tọ́ nínú yàrá kan ṣoṣo nílò ibi tí yóò ti sáré, tí yóò ti mí dáadáa, tí ojú rẹ̀ yóò sì ti rí ohun tí ó jìnnà. Ìgbà ìwọ́wé ni ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ irú ìjáde bẹ́ẹ̀, nítorí pé òjò kò ní dí wa lọ́wọ́, ohun tí ojú yóò rí sì pọ̀.

KÍ NI Ó DÉ TÍ EWÉ FI Ń PỌ́N TÍ Ó SÌ Ń WỌ́?

Ẹ jẹ́ kí á mú ewé gẹ́gẹ́ bí ilé ìdáná igi. Inú rẹ̀ ni igi ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi se oúnjẹ ara rẹ̀. Èròjà tí ó ń ṣe iṣẹ́ sísè náà ni ó fún ewé ní àwọ̀ tútù yọ̀yọ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, omi inú ilẹ̀ a dín kù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ewé ni omi ara igi ń gbà gbẹ sínú afẹ́fẹ́. Kí igi má baà kú, yóò ti ilé ìdáná náà pa. Yóò kọ́kọ́ fa ohun tí ó ṣàǹfààní kúrò nínú ewé padà sí ẹ̀ka àti ìtì rẹ̀. Àwọ̀ tútù yóò túká, àwọ̀ rúsúrúsú bí èso ìyeyè tí ó ti fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ yóò sì yọjú. Àwọn igi mìíràn tún máa ń ṣe àwọ̀ pupa tuntun sínú ewé kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Òyìnbó, òtútù àti kíkúrú ọ̀sán ni ó ń fa ìwọ́wé, láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá. Àwọn ọmọ wa tí ó ń gbé ní Peckham ní ìlú London mọ̀ ọ́n dáadáa, nígbà tí ilẹ̀ Peckham Rye Park bá kún fún ewé. Ní orílẹ̀-èdè Japan, ó ti pẹ́ tí àwọn ẹbí ti ń jáde lọ wo ewé pupa. Momijigari ni wọ́n ń pe ìjáde náà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kì í ṣe òtútù ni ó ń lé ewé kúrò lórí igi, òùngbẹ ni.

Igi tí ẹ óò rí jù ní Èkó ni furúǹtù, tí ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò wa láti ìhà Edo àti Delta ní Ajégúnlẹ̀ ń pè ní ebelebo. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì, ó sì lè jẹ́ pé ní ọjọ́ kan náà ẹ óò bá ewé tútù, ewé rúsúrúsú àti ewé pupa fòò lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Àràbà àti ìrókò náà máa ń wọ́wé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn èyí ni òwú àràbà yóò máa fò káàkiri. Igi tíìkì a máa wà ní ìhòòhò, ewé rẹ̀ ńlá a sì máa hó ṣàkàṣàkà lábẹ́ ẹsẹ̀. Pánṣẹ́kẹ́ yóò gbọn ewé wẹ́wẹ́ rẹ̀ dànù, yóò ku pádi gígùn tí èso inú rẹ̀ ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, yóò fi òdòdó pupa bo ara.

NÍBO NI A TI LÈ RÍ I NÍTÒSÍ WA?

Kí á tó dárúkọ ibẹ̀, ó yẹ kí á mọ ìdí tí igi fi pọ̀ ní apá kan tí ó sì wọ́n ní apá kejì. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn ara eku ń gbé káàkiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀ ní àwọn àdúgbò tí ilé ti há mọ́ ilé. Ní 1928, ìjọba dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ kí ó lè tún irú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀ ṣe. Àjọ yìí kan náà ni ó wá la ilẹ̀ Àpápá ní àwọn ọdún 1950, pẹ̀lú òpópónà gbòòrò àti àyè láàárín ilé sí ilé. Ajégúnlẹ̀ kò rí irú ètò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, tí a ṣí ní 1926, àti ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ó yí i ká, ni ó ń kọ́ ilé bí agbára wọn ti mọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá rìn láti Bọ́ńdárì wọ inú Àpápá, yóò rí i pé òjìji ń pọ̀ sí i. Ohun tí a fi dá ìlú sílẹ̀ nítorí ìlera, gbogbo ọmọ ni ó yẹ kí ó jẹ níbẹ̀.

Àwọn ibi tí ẹ lè lọ nìwọ̀nyí:

1. Àwọn òpópónà inú ní Àpápá GRA. Ẹ kò nílò láti wọ ọgbà ẹnikẹ́ni. Etí ọ̀nà tí igi ti ṣíji bò ti tó. Ẹ yà fún ọ̀nà Wharf àti ọ̀nà Creek, nítorí tírélà àti táńkà epo ni ó ń gba ibẹ̀. Láti oṣù Kejì 2021 ni ètò ìpè orí ẹ̀rọ ayélujára ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tírélà tí ó ń lọ sí èbúté, ṣùgbọ́n èéfín ọkọ̀ ńlá kì í ṣe ohun tí a ń gbé ọmọ lọ mí sínú.

2. Apapa Amusement Park. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí àwọn ẹ̀rọ ìṣeré, ṣùgbọ́n owó ni a ń san. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ tó múra.

3. Ọgbà ilé-ìwé, ilé ìjọsìn àti pápá ìṣeré àdúgbò. Igi furúǹtù kan nínú ọgbà ilé-ìwé tó fún ogún ọmọ. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí ẹ̀kọ́.

4. Freedom Park ní òpópónà Broad, ní Erékùṣù Èkó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Òyìnbó amúnisìn ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Ní 2010 ni a ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Ará Ajégúnlẹ̀ lè wọ̀ ọ́ ní Súrù-Alábà, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn láti Marina. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ọkọ̀ ojú irin náà nìkan ti tó ìtàn tí wọn yóò sọ fún ọ̀sẹ̀ kan.

5. Lekki Conservation Centre, tí a dá sílẹ̀ ní 1990. Igbó náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, afárá orí igi tí ó wà níbẹ̀ sì gùn ní mítà 401. Ó jìnnà, owó sì ni a fi ń wọlé. Nítorí náà ẹ lè fi í ṣe ìjáde ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

ÀǸFÀÀNÍ WO NI Ó WÀ FÚN ÌLERA?

Àkọ́kọ́ ni eré ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré tí ó ń mú ọkàn sáré fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ọmọ ọdún 3 sí 4 nílò 180 ìṣẹ́jú ìrìn àti eré tí a pín káàkiri ọjọ́. Ọmọ tí ó ń gbé inú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbàgede rẹ̀ jẹ́ ti àgbá omi àti jẹnẹrétọ̀, níbo ni yóò ti rí èyí? Lábẹ́ igi, a kò ní láti pàṣẹ fún un pé kí ó sáré. Ajégúnlẹ̀ ni Odion Ighalo ti dàgbà kí ó tó di agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀; eré ìta kì í ṣe ìfàkókò-ṣòfò.

Èkejì ni ojú. Ní ìlú Guangzhou ní ilẹ̀ China, àwọn olùwádìí fi 40 ìṣẹ́jú ìta kún ọjọ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní fún ọdún mẹ́ta. Ní 2015 ni wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde: nínú 100 ọmọ tí ó jáde, nǹkan bí 30 ni kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa mọ́, nínú 100 àwọn tí kò jáde, wọ́n tó 40.

Ẹ̀kẹta ni ọkàn. Ní 1984, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, Roger Ulrich, gbé àkọsílẹ̀ àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania jáde. Àwọn tí fèrèsé wọn kọjú sí igi tètè lọ sílé ju àwọn tí fèrèsé wọn kọjú sí ògiri lọ, wọn kò sì lo oògùn ìrora líle púpọ̀. Bí wíwo igi láti orí ibùsùn bá lè ṣe èyí, ẹ fojú inú wo ohun tí wákàtí kan ní ìdí rẹ̀ lè ṣe fún ìyá tí ó ti ń gbé ẹrù láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ TÍ ÌYÁ LÈ BÉÈRÈ

Ọjà ni mo ń tà lójoojúmọ́. Ìgbà wo ni mo fẹ́ lọ?
Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kò sì pọn dandan pé kí ìyá nìkan ni ó lọ. Baba tí ó wà nílé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lè kó àwọn ọmọ jáde fún wákàtí kan, kí ìyá sì sinmi. Ìyá méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé kan náà lè máa gba ara wọn lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìrànlọ́wọ́ ni a fi ń tọ́ ọmọ.

Kí ni a óò ṣe níbẹ̀?
Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣa ewé tí ó ti wọ́, kí wọ́n sì tò ó láti orí èyí tí ó tútù dé orí èyí tí ó pọ́n jù. Ẹ ní kí wọ́n kà á. Ẹ sọ orúkọ igi fún wọn ní èdè Yorùbá, kí ọmọ aládùúgbò tí ó jẹ́ Íjọ̀, Úróbò tàbí Ìgbò sọ tirẹ̀. Wọ́n lè tẹ ewé méjì mẹ́ta sáàárín ìwé àtijọ́ títí yóò fi gbẹ. Ọmọ tí ó bá mọ igi lórúkọ kò ní ya ẹ̀ka rẹ̀ lásán.

Ọmọ mi ní ikọ́ fée. Ṣé kí n fi í sílé?
Ní ọjọ́ tí eruku ọyẹ́ bá ṣú bo ojú ọ̀run, ẹ fi í sílé. Eruku yìí ti ọ̀nà jíjìn wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad fẹ́ wá. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ jáde nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, kí ẹ sì mú oògùn afẹ́fẹ́ tí dókítà ní kí ó máa fà sí ẹnu dání.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS ńkọ́?
Òun náà lè lọ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òtútù, òùngbẹ àti àṣejù eré lè fa ìrora egungun. Ẹ wọ aṣọ òtútù àti ìbọ̀sẹ̀ fún un, ẹ máa fún un ní omi mu léraléra, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi kí ó tó rẹ̀ ẹ́.

ÌMÚRASÍLẸ̀

Ẹ gbé omi mímọ́ tí a ti sè tàbí tí a ti sẹ́ dání, kí ó tó gbogbo ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò nílò omi, àní nínú ọyẹ́. Ọmú ìyá nìkan ti tó o, kí ẹ sì máa fún un ní ọmú nígbàkígbà tí ó bá fẹ́. Ẹ wọ bàtà fún àwọn ọmọ. Ẹ fi òrí tàbí ìpara pa ara àti ètè wọn. Ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn tàbí ẹ̀pà láti ilé, kí ẹ má baà ra ohun tí eṣinṣin ti bà lé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní ẹ̀pà odindi, kí ó má baà há a lọ́fun. Kí àgbàlagbà kan máa ka àwọn ọmọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kọjá títì.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢỌ́RA FÚN

Òkìtì ewé gbígbẹ lè jẹ́ ilé ejò àti àkeekèé. Igi ni kí á fi tú u, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má ṣe gbẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fà á, ẹ má sì ṣe fi okùn so ó le. Kí ó má ṣe gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ajeromi General Hospital wà ní Ajégúnlẹ̀ fún àwọn tí ó wà nítòsí.

Èso furúǹtù kò léwu bí a bá fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa iṣin. Iṣin tí kò bá tíì la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé ni. Èkùrọ́ dúdú inú rẹ̀ náà kò ṣeé jẹ nígbà kankan. Ó ń fa èébì, àárẹ̀ àti gìrì, nítorí pé ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀ lójijì. Ó ti pa àwọn ọmọdé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bákan náà ni hóró lápálápá: ó dà bí ohun jíjẹ lójú ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tí ó bá jẹ èyíkéyìí nínú wọn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ láìfi àkókò ṣòfò. Kí ẹ sì mú èso náà dání.

EWÉ TÍ Ó WỌ́: Ẹ MÁ ṢE DÁNÁ SUN ÚN

Ibi tí àṣà wa ti ń pa wá lára nìyí. Bí a bá gbá ewé jọ ní òwúrọ̀, iná ni a ń sọ sí i, a óò sì da ọ̀rá àti pọ̀ọ̀mù jíjó mọ́ ọn. Nínú ọyẹ́, èéfín kì í tètè gòkè. Yóò rọra tàn kálẹ̀ lọ wọ fèrèsé ilé kejì, níbi tí ọmọ ìkókó wà. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 fojú bù ú pé nǹkan bí 11,200 ènìyàn ni ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ pa láìtọ́jọ́ ní Èkó ní ọdún 2018. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Èéfín ọkọ̀, ilé iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ wà nínú ọ̀ràn náà, a kò sì lè fi ọwọ́ kan pa gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n iná tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, àwa ni a dá a, àwa ni a sì lè pa á.

Ẹ má ṣe gbá ewé sínú kọ̀tà pẹ̀lú. Bí òjò bá dé, yóò dí omi lọ́nà, omi tí ó dúró yóò sì di ilé ẹ̀fọn. Ohun tí ó dára ni kí ẹ sọ ewé di ajílẹ̀. Ẹ wá àpò ìrẹsì àtijọ́ tàbí agbada tí ó ti lu, ẹ to ewé gbígbẹ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu àti ìdọ̀tí ẹ̀fọ́ lé ara wọn, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kí ó lọ́rinrin, kí ẹ sì máa rò ó pọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, yóò dúdú, yóò sì fọ́ bí ilẹ̀ oko. Ẹ fi í gbin ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ tàbí ewúro sínú àpò ní ẹnu ọ̀nà yín; ẹ̀jẹ̀ ara ni ẹ̀fọ́ fún aboyún àti ọmọ.

BÍ KÒ BÁ SÍ IGI NÍ ÀDÚGBÒ YÍN

Ẹ gbìn ín. Láti 2008 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fi ọjọ́ 14 oṣù Keje ṣe ọjọ́ igi gbígbìn lọ́dọọdún. Àjọ tí ó ń mójú tó igi àti ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba, tí a mọ̀ sí LASPARK, ni ẹ lè kàn sí. Igi kan nínú ọgbà ilé-ìwé, tí àwọn òbí ń bomi rin láti oṣù Kọkànlá títí òjò yóò fi dé, lè máa ṣíji bo àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó jáde ìwé mẹ́wàá. Bí a bá gbìn ín nìkan tí a kò tọ́jú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kan ni yóò pa á.

Ẹ̀yin ìyá wa, orúkọ rere ni Ajégúnlẹ̀: ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìlera ni ó ń jẹ́ kí ajé pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Kí ọyẹ́ ọdún yìí tó kọjá, ẹ mú ọ̀sán kan ṣoṣo, ẹ fi òrí pa àwọn ọmọ, ẹ gbé omi, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìdí igi tí ó súnmọ́ yín jù. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.